Pátákó Kò Tíì Gbọ́

Ìka tó kéré jù ló kọ́kọ́ tutù.

Gbádé Oyèníran rò pé ọyẹ́ ni. Ọyẹ́ ọdún náà mú. Eruku rẹ̀ bo Ìlúpéjú mọ́lẹ̀ títí òrùn fi dà bí ẹyin tí wọ́n fọ́ sínú eérú. Ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí ọwọ́ ọ̀tún, ó fi ra itan, ó tún mú pẹ́ńsù. Àwòrán ilé ni iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń kọ́lé kì í gbé búlọ́ọ̀kù kan lé èkejì àfi tí Gbádé bá ti fa ìlà rẹ̀ sórí bébà, kò sì sí ẹlòmíràn nínú ọ́fíìsì náà tó lè fa ìlà gbọọrọ láìlo rúlà. Ọwọ́ yẹn ló fi fẹ́yàwó. Ọwọ́ yẹn ló fi ń bọ́ ọmọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Mọ́ńdè yẹn, ìlà tó fẹ́ fi ṣe ògiri pálọ̀ rìn kọ́lọkọ̀lọ bí ipa ìgbín. Ó pa á rẹ́, ó tún un fà. Ó gbọ́ ìró nǹkan kan nílẹ̀. Nígbà tó wolẹ̀, pẹ́ńsù tirẹ̀ ni. Kò mọ ìgbà tó bọ́.

"Ọ̀gá Gbádé," ni ẹni tí wọ́n jọ ń lo tábìlì wí, "ṣé ògógóró ni àbí ìjà ilé?"

"Ọyẹ́ ni."

"Ọyẹ́ wo ló mọ ọ̀tún yàtọ̀ sósì? Ọwọ́ kan ṣoṣo lẹ ń ra láti àárọ̀."

Gbádé fi ọwọ́ kan ọwọ́. Òsì gbóná bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú epo. Ọ̀tún tutù bí òkúta ìsàlẹ̀ odò.

Kò so ó pọ̀ mọ́ nǹkan kan. Kò rántí pé ní Sátidé tó ṣáájú, ọ̀rẹ́ òun Theophilus Adéníran na òun nínú eré sìkúọ́ọ̀ṣì, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí.

*

Kílọ́ọ̀bù wọn wà ní Yábàá, lẹ́yìn rélùwéè. Àwọn òyìnbó ló kọ́ kọ́ọ̀tù ibẹ̀ sílẹ̀: yàrá tí kò ní fèrèsé, ògiri funfun mẹ́rin, ilẹ̀kùn kékeré kan lẹ́yìn, àyè àwọn òǹwòran lókè rẹ̀. Ẹni méjì á wọ inú rẹ̀, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á máa fi ráákẹ́ẹ̀tì gbá bọ́ọ̀lù dúdú kékeré mọ́ ògiri, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, títí ẹnìkan kò fi ní lè dá a padà mọ́. Gbádé ló kọ́kọ́ fi ráákẹ́ẹ̀tì lé Theophilus lọ́wọ́. Láti iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti jọ ń bọ̀. Tìófí ni Gbádé ń pè é.

Ní gbogbo Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, Alàgbà Bọ́lárìnwá tó jẹ́ akọ̀wé á bọ́ agbádá ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, á mú ṣọ́ọ̀kì, á kọ àmì eléré kọ̀ọ̀kan sára pátákó. Ìlú òyìnbó ló ti kọ́ ọgbọ́n náà bọ̀. Ẹni tó bá gbá eré láàárín ọ̀sẹ̀, Alàgbà nìkan ló máa wá sọ èsì rẹ̀ fún. Ẹnu kò gbọdọ̀ sọ ọ́ níta títí pátákó á fi sọ ọ́, nítorí àwọn kan ti fọ́ra wọn lórí rí nítorí èsì eré.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀lé Sátidé tí Gbádé fìdí rẹmi yẹn, orúkọ rẹ̀ ṣì wà lókè pátápátá, ti Theophilus tẹ̀lé e. Àmọ́ àlàfo tó wà láàárín wọn ti súnkì.

"Eré ẹyọ kan péré, Alàgbà," ni Yẹ̀kínnì wí. Télọ̀ ni Yẹ̀kínnì. Òun ló dé kílọ́ọ̀bù kẹ́yìn, orúkọ rẹ̀ ló sì wà nísàlẹ̀ gbogbo orúkọ. "Ẹ ti gé ẹ̀gbọ́n wa kúrú bíi ṣòkòtò ọmọ iléèwé."

"Kì í ṣe èmi ni mo gé e. Gbọ́ mi dáadáa. Tí ẹni òkè bá na ẹni ìsàlẹ̀, kí ló ṣe? Ohun tí gbogbo wa ti mọ̀ ló ṣe. Ìwọ̀nba ló máa rí gbà. Àmọ́ tí ẹni ìsàlẹ̀ bá na ẹni òkè, á jẹ́ pé irọ́ la ti fi ń wọn àwọn méjèèjì. Ẹni ìsàlẹ̀ á gbà púpọ̀, ẹni òkè á pàdánù púpọ̀. Bí àlàfo bá ṣe fẹ̀ tó ni ìṣubú ṣe máa pọ̀ tó."

"Níbo lẹ ti wá ń rí àmì tí ẹ ń fún wọn?"

"N kì í fún ẹnikẹ́ni. Àmì kì í ti òkè ọ̀run wá. Ara ẹnìkan ló ti ń kúrò, ara ẹnìkejì ló ń wọ̀ sí. Iye tó jáde níbí ló wọlé lọ́hùn-ún. Èmi kàn ń kọ ọ́ ni."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Theophilus bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ti àwọn tó kù, ó sì parí lẹ́yìn tiwọn.

*

Kí gbogbo èyí tó ṣẹlẹ̀, Theophilus ti lọ sí Mushin, lẹ́yìn ìsọ̀ àwọn lẹ́kùlẹ́jà, níbi tí òórùn èèpo igi àti ti ohun tó ti kú tipẹ́ ti máa ń dì mọ́ aṣọ ènìyàn. Bàbá Àkàngbé, oníṣègùn tó wá rí, kì í pàtẹ nǹkan kan. Kànga ló ń gbẹ́ kí ojú rẹ̀ tó fọ́. Wọ́n ní nǹkan kan tó rí nísàlẹ̀ kànga ló gba ojú náà, tó sì fi ohun mìíràn dípò.

"Kí ni ọ̀rẹ́ rẹ fi ṣe ọ́?" ni arúgbó náà bi í.

"Kò fi nǹkan kan ṣe mí, Bàbá."

"Èyí le. Ẹni tó ṣẹ̀ wá, a lè dárí jì í. Ẹni tí kò ṣẹ̀ wá ńkọ́?"

Theophilus wolẹ̀. Tíṣà ni, ní iléèwé gíga kan ní Surulere. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. "Láti Sítáńdáàdì Wáànù ni orúkọ rẹ̀ ti wà lókè orúkọ mi. Ìdánwò, kúáyà, eré orí pápá. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sìkúọ́ọ̀ṣì, òun ló kọ́ mi, ó sì ń fi sùúrù kọ́ mi, Bàbá. Sùúrù yẹn ló ń pa mí."

Bàbá Àkàngbé mi orí bí ẹni tó ti gbọ́ ọ rí. "Ọ̀ṣọ̀rọ̀ ni mo máa ṣe fún ọ. Omi kì í ṣàn gòkè. Òjò orí òrùlé, inú ìkòkò ilẹ̀ ló ń sùn. Ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ga á máa ṣàn bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó rẹlẹ̀, nígbàkígbà tí ẹ bá jọ wọ inú yàrá yẹn. Lọ gba ohun tó ti mu òógùn ọwọ́ rẹ̀ wá. Má jí i. Èyí tí a bá jí kò ní jẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ni kó fi ọwọ́ ọ̀tún fún ọ, pẹ̀lú inú dídùn."

"Tí mo bá wá bọ́ sókè ńkọ́?"

Ojú funfun arúgbó náà yí sọ́dọ̀ rẹ̀. "Ìyẹn ni èèwọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ tó o bá ga jù ú lọ, sọ ọ́ sódò kí o tó tún bá a wọ yàrá. Ọ̀ṣọ̀rọ̀ kò mọ olówó rẹ̀. Ibi tó rẹlẹ̀ nìkan ló mọ̀."

Lọ́jọ́ kejì, nínú kọ́ọ̀tù, Theophilus di ọrùn-ọwọ́ mú, ó ní ó ń ro òun. Gbádé bọ́ ọ̀já ọwọ́ tirẹ̀, èyí tí Caroline ìyàwó rẹ̀ fi òwú funfun hun fún un, tó fi búlúù sí etí rẹ̀. Òógùn ṣì tutù lára rẹ̀.

"Gbà, ọ̀rẹ́ mi. Má wulẹ̀ dá a padà."

*

Kò pẹ́ tí Caroline fi rí i pé ọwọ́ òsì ni ọkọ òun fi ń de bọ́tìnnì. Wọ́n lọ sí ọsibítù. Dókítà tẹ ọwọ́ náà, ó gún un lábẹ́rẹ́, ó ní òun kò rí nǹkan kan. Caroline gbààwẹ̀. Ọmọ Áńgílíkà ni, bàbá rẹ̀ ń ka Bíbélì nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Surulere títí tó fi kú. Ṣùgbọ́n nígbà tí Gbádé gbá eré pẹ̀lú Theophilus lẹ́ẹ̀kejì, tó tún fìdí rẹmi, tó délé tí kò lè gbé ife tíì mọ́, Caroline jókòó ti í.

"Dádì Láyọ̀, ẹ jẹ́ ká lọ kí Màmá ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó."

"Láti ìgbà wo ni ìwọ ti ń fẹ́ kí Màmá?"

"Láti ìgbà tí ẹ ti ń fi òsì jẹun."

Màmá Àríkẹ́ ni ẹ̀gbọ́n bàbá Gbádé. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá. Ó ń bó ẹ̀gúsí lẹ́yìnkùlé nígbà tí wọ́n dé. Kò béèrè nǹkan kan. Ó fa ọwọ́ náà mọ́ imú, ó gbọ́ òórùn àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ òórùn ẹran bóyá ó ti ń bà jẹ́.

"Kì í ṣe àìsàn," ló wí. "Wọ́n ń fà á ni."

"Ta ló ń fà á, Màmá?"

"Ta ni ìwọ rò?"

"N kò ní ọ̀tá."

"Mo gbọ́. N kò bi ọ́ léèrè ọ̀tá."

Ó wọlé. Nígbà tó jáde, ìfúnpá awọ dúdú kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí nǹkan líle wà nínú rẹ̀. Ó so ó mọ́ apá Gbádé lábẹ́ ẹ̀wù, ó sì sọ ohun kan sí i láàárín eyín tí Caroline yíjú kí òun má baà gbọ́. Kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà, ìka Gbádé ti ń gbóná.

Aláǹgbá kan já láti ara ògiri, ó balẹ̀ síwájú wọn. Kò mi orí bí aláǹgbá ṣe máa ń ṣe. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń wò wọ́n.

*

Sátidé dé. Ojú oòrùn ń pọ́n níta, ooru inú kọ́ọ̀tù sì ń yọ bí ti ààrò, síbẹ̀ Theophilus wọ súẹ́tà ọlọ́wọ́ gígùn.

"Ṣé òtútù ń mú ọ ni, Tìófí?"

"Ó ń mú mi díẹ̀."

Gbádé bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ọwọ́ rẹ̀ ti padà. Bọ́ọ̀lù ń lọ síbi tó rán an, ó ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ògiri bí àtè. Àwọn tó ń wò láti òkè ń pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni ìfúnpá náà bẹ̀rẹ̀ sí í fún un. Ó kọ́kọ́ rò pé iṣan ni. Ó ń fún un sí i, bí ejò tó ń jí. Òórùn irun tó jóná wọ imú rẹ̀. Pàà! Ìfúnpá náà bẹ́ lábẹ́ ẹ̀wù, hóró ataare fọ́n ká sílẹ̀ kọ́ọ̀tù, wọ́n ti dúdú bí èédú.

"Kí ló dún yẹn?" ni àwọn òǹwòran ń béèrè. "Ṣé bọ́ọ̀lù ló bẹ́?"

Gbogbo ènìyàn ló béèrè. Theophilus nìkan ni kò béèrè. Ó gbójú sókè sí ògiri, ó ń dúró kí Gbádé gbá bọ́ọ̀lù, ó sì rọra ń fi ẹsẹ̀ gbá hóró ataare kan sí ẹ̀gbẹ́.

Ibẹ̀ ni ọkàn Gbádé ti kọ́kọ́ kú. Ọwọ́ tẹ̀lé e.

*

Ní kíláàsì, Theophilus mú ṣọ́ọ̀kì láti ya òbìrí sára pátákó. Ọwọ́ rẹ̀ lọ yí po lẹ́ẹ̀kan. Òbìrí náà gún régé débi pé àwọn ọmọ dákẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó fa ìlà gbọọrọ láti etí dé etí, láìlo rúlà. Inú rẹ̀ dùn dé ọ̀run.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ń jẹun nígbà tó rí i pé ìka òun ń fa nǹkan sínú ọbẹ̀ tó dànù sórí tábìlì. Ilé ni. Ilé tó ní pálọ̀, yàrá, àti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń ya ilé. Ó fi aṣọ nù ún. Ọwọ́ náà tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Ó sáré lọ sí Mushin. Bàbá Àkàngbé fi etí sí ọwọ́ náà bí ẹni fi etí sí ẹnu kànga.

"Ó ti fẹ́ kún," ló wí. "Báwo lo ṣe jìnnà sí i tó?"

"Mo ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Pátákó ló sọ bẹ́ẹ̀. Tí mo bá nà án ní Sátidé tó ń bọ̀, màá bọ́ sókè."

"Á jẹ́ pé èyí tó kẹ́yìn nìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀, odò. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"O ní pátákó ló sọ," ni arúgbó náà wí lẹ́yìn tó ti yíjú. "Èmi kò mọ pátákó."

Theophilus kò dúró gbọ́ ìyókù.

*

"Kí lo fi ọwọ́ ara rẹ fún un?" ni Màmá Àríkẹ́ bi Gbádé. Ó gbé awọ ìfúnpá tó jóná sórí itan, ó ń wò ó tìbànújẹ́tìbànújẹ́. "Tèmi kì í bẹ́ lásán. Ohun tó jáde láti ọwọ́ rẹ nìkan ló lè jù ú lọ."

Gbádé kò fẹ́ rántí. Ó rántí. Òwú funfun, etí búlúù.

"Ọ̀ṣọ̀rọ̀ ni," ni màmá náà wí nígbà tó gbọ́. "Àwọn oníjàkadì wa nílé ń fi í jà nígbà tí mo wà ní kékeré. Ó ń fa ti ẹni tó wà lókè wá bá ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ó máa fà á tán, Gbádé. Ọwọ́ tó bá sì ti gbẹ tán kì í rúwé mọ́."

"Kí ni kí n ṣe?"

"Lọ bẹ̀ ẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ ṣáà ni. Ní kó fún ọ ní ohun tó gbà lọ́wọ́ rẹ. Tó bá fi ọwọ́ ọ̀tún àti inú kan dá a padà, ó parí. Kò ní pa ọ́, kò ní pa òun náà."

"Tó bá wá jẹ́ pé èmi ni mo wà nísàlẹ̀ ńkọ́, Màmá?"

Ìyá àgbà náà gbé ojú sókè. "Mo rí ẹnìkan tó ṣe ìyẹn. Ó gba ọwọ́ rẹ̀ padà. Ohun tó gbà kọjá ọwọ́. Lọ bẹ ọ̀rẹ́ rẹ."

*

Theophilus àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé ní Ìpọ̀nrí. Ìyá náà rí Gbádé láti ẹnu ọ̀nà, ó ti ń da gúgúrú sínú abọ́ kó tó jókòó.

"Ìwọ wá gbẹ báyìí. Ṣé Caroline kò fún ọ lóúnjẹ ni?"

"Ó ń fún mi, Màmá. Iṣẹ́ ni."

Theophilus jáde láti yàrá. Súẹ́tà wà lọ́rùn rẹ̀. Gbádé ti ronú ohun tó máa sọ láti Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó dé Ìpọ̀nrí, ó rọrùn. Kò ní bínú. Kò ní dárúkọ òògùn. Ó máa ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún un kó bá ibẹ̀ jáde, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀.

"Tìófí, ọ̀já ọwọ́ tí mo fún ọ lọ́jọ́sí. Jọ̀ọ́, mo fẹ́ gbà á. Caroline ń béèrè rẹ̀."

"Ṣebí o ní kí n má wulẹ̀ dá a padà?"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo wá bẹ̀ ọ́ báyìí ni."

Wọ́n wo ara wọn. Ohun kan kọjá lójú Theophilus; Gbádé rí i, ó sì gbàdúrà nínú pé kó dúró. Theophilus wọlé. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó jáde pẹ̀lú ọ̀já funfun kan tó ní búlúù létí, ó fi ọwọ́ ọ̀tún nà án sí i.

"Gbà, ọ̀rẹ́ mi."

"Òun nìyí?"

"Òun ni, Ọlọ́run gbọ́. Ṣé èmi á wá parọ́ fún ẹ ni?"

"Ẹ̀yin méjèèjì àti aṣọ," ni ìyá rẹ̀ wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ ti ń jà lórí ṣòkòtò kan ṣoṣo láti ìgbà tí ẹ ò tíì lè fọn imú."

Nílé, Caroline mú ọ̀já náà, ó yí inú rẹ̀ síta, ó gbé e sábẹ́ iná.

"Èyí kì í ṣe tèmi," ló wí. "Ọwọ́ ni mo fi hun tèmi. Ẹ̀rọ ló hun èyí."

Gbádé jókòó. Ó pẹ́ kó tó mọ̀ pé òun ń sunkún. Ọwọ́ tó ń kú lọ kò dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń gún un ni pé ọ̀rẹ́ òun wọ yàrá, ó dúró níbẹ̀, ó ronú sí i, ó ṣì jáde pẹ̀lú èyí.

*

Ní ọ̀sán Tọ́sìdé, nígbà tí Theophilus wà ní iléèwé, Gbádé pe Yẹ̀kínnì wọ kọ́ọ̀tù.

"Èmi kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, ẹ fẹ́ fi mí nulẹ̀ ni?"

"Wá gbá a."

Ó dùn bí ẹni ń fi ọ̀bẹ bó ara rẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ á gbá ń kọjá lára Gbádé. Ní ìgbà kan ọwọ́ rẹ̀ gbàgbé, ó fẹ́ na bọ́ọ̀lù náà pa. Ó fi òsì dì í mú. Nígbà tí bọ́ọ̀lù ìkẹyìn kú sílẹ̀, Yẹ̀kínnì dúró, ó ń mí hẹ̀ẹ̀hẹ̀ẹ̀, kò mọ̀ bóyá kí òun jó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o."

"O nà mí ni. Ọwọ́ ń dùn mí, àmọ́ o nà mí. Di ẹnu rẹ mú títí di Sọ́ńdè. Jẹ́ kí wọ́n kà á lára pátákó, á dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Wọ́n jọ lọ sọ fún Alàgbà Bọ́lárìnwá nílé rẹ̀. Alàgbà wo Gbádé láti òkè gíláàsì ojú rẹ̀ títí Yẹ̀kínnì fi jáde.

"Ẹni tó wà ní téńté, tó wá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó kẹ́yìn pátápátá? Ṣé o mọ̀ pé kò sí ìṣubú tó tó bẹ́ẹ̀ lára pátákó yìí rí? Ó ti gbé ọ kọjá abẹ́ Theophilus."

"Ìgbà wo ni mo bọ́ sábẹ́ rẹ̀, Alàgbà? Ṣé lónìí ni, àbí Sọ́ńdè tí ẹ bá kọ ọ́?"

"Lónìí. Ìgbà tí bọ́ọ̀lù ti kú lo ti bọ́. Ṣọ́ọ̀kì kàn ń ròyìn ni." Alàgbà bọ́ gíláàsì. "Gbádé, ta lo ń bínú sí?"

"Kò sí, sà."

*

Ní Sátidé, Theophilus kọ́kọ́ lọ wo pátákó. GBÁDÉ OYÈNÍRAN, lókè. THEOPHILUS ADÉNÍRAN, lábẹ́ rẹ̀. Ó fi ìka ra etí orúkọ òkè, ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó fa ọwọ́ súẹ́tà bo ọ̀já tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan yìí péré. Lẹ́yìn náà, odò.

Gbádé ti wà nínú kọ́ọ̀tù. Kò sí òǹwòran lókè. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọ̀rẹ́ mi. Ti ilẹ̀kùn."

Theophilus tì í. Iná òkè ń kùn bí eṣinṣin tó há. Ó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, ó lọ dáadáa, ó gbá èkejì. Nígbà náà ni ìka rẹ̀ tó kéré jù tutù.

Ó rò pé òógùn ni. Ó nu ún mọ́ ṣòkòtò. Òtútù náà bọ́ sí ìka kejì, ó rìn wọ àtẹ́lẹwọ́, ó ń lọ sókè bí omi tó ń wọ ilé. Lódìkejì, Gbádé na ọwọ́ ọ̀tún, ó ka ìka rẹ̀ pọ̀, ó tú u, ó sì gbá bọ́ọ̀lù kan tí Theophilus kò rí, ó kàn gbọ́ ọ ni.

Ọ̀já náà gbóná lọ́rùn-ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ náà fúnra rẹ̀ kò gbóná mọ́. Ráákẹ́ẹ̀tì bọ́ sílẹ̀. Theophilus kúnlẹ̀ láti mú un, àwọn ìka náà fẹ̀ sílẹ̀ bí ti òkú.

"Gbádé," ló wí wúyẹ́wúyẹ́. "Kò yẹ kó rí báyìí. Ìwọ lo wà lókè. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo pátákó ni."

Gbádé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú wọn fi ṣe déédéé.

"Pátákó kò tíì gbọ́," ló wí. "Yẹ̀kínnì nà mí ní Tọ́sìdé."

Ó gba Theophilus ní ìṣẹ́jú kan kó tó yé e. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ wó bí ògiri amọ̀ nínú òjò.

"O mọ̀. O mọ̀, o sì ní kí n ti ilẹ̀kùn."

"Mo wá sílé yín, Tìófí. Mo jókòó ti ìyá rẹ, mo sì fi ẹnu mi bẹ̀ ọ́."

Theophilus fi eyín fa ọ̀já náà kúrò. Ó fi ọwọ́ òsì tó kù nà án síwájú. "Òun nìyí. Tòótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí. Gbà á. Jọ̀ọ́, ọ̀rẹ́ mi, gbà á."

Gbádé wo ọ̀já náà. Ó wo ọwọ́ tó mú un.

"Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi fún ọ," ló wí.

Ó dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó jáde.

*

Ní Sọ́ńdè, Alàgbà kọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Yẹ̀kínnì jó yí kílọ́ọ̀bù po. Wọ́n gbé e lé èjìká. Kò sẹ́ni tó béèrè bí Gbádé ṣe ṣubú tó sì dìde nínú ọ̀sẹ̀ kan. Ní Mọ́ńdè, ó fa ìlà ògiri pálọ̀ náà, ìlà náà gún. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Ní gbogbo ọ̀sán, ó ń wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni ń dúró de àlejò.

Ní ọjọ́ kejì, ìyá Theophilus wá sílé rẹ̀. Kò tíì jókòó tó ti ń sọ̀rọ̀.

"Ọwọ́ rẹ̀ ti kú, Gbádé. Ó so rọ̀ mọ́ ọn lára bí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò rí nǹkan kan ní ọsibítù. Kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó kọjú sí ògiri láti Sátidé. Ìwọ lo mọ inú rẹ̀. Jọ̀wọ́, ọmọ mi, ta ló ṣe é?"

"Màmá, n kò mọ̀," ni Gbádé wí.

Ìyá náà bú sẹ́kún. Gèlè rẹ̀ ti tú sí ẹ̀gbẹ́ etí.

Ọwọ́ ọ̀tún Gbádé gbéra. Kò rán an. Ó mú etí gèlè náà, ó ká a, ó fi í bọ abẹ́ èyí tó kù, ó wá rọra fi ẹ̀yìn ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá náà, lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá náà pa ojú dé, ó sì fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Nígbà náà ló la ojú. Ó wo ọwọ́ náà. Ó wo ojú Gbádé. Ó tún wo ọwọ́.

"Tìófí nìkan," ló wí jẹ́jẹ́, "ló máa ń ṣe báyìí fún mi."

Gbádé fẹ́ fa ọwọ́ náà padà. Ó fi gbogbo ara fà á. Ọwọ́ náà kò dá a lóhùn. Ó dúró síbẹ̀, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá rẹ̀.